Ìwé Pupa Kẹta Láti Ojú Fèrèsé

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, Ìyá Láńrewájú! Gbé oúnjẹ yẹn sílẹ̀ ná, ta ní ń jẹun? Wọ́n ti dójú tì mí ní ilé-ìwé lónìí, ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì, ilẹ̀ Èrúwà kọ̀!

Ṣé o mọ Tíṣà Fọlábí, ọmọ àná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé? Ta ló rán an níṣẹ́? Ọdún mọ́kànlá ni kọ́kọ́rọ́ láíbìrì ti wà lọ́rùn mi, torí ọ̀gá àkọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ mi mọ́. Èmi ni mo já ìwé wọ̀nyẹn nínú lọ́rì, èmi ni mo tò wọ́n sórí pẹpẹ bí bàbá mi ṣe ń to iṣu sí àká: ńlá nísàlẹ̀, kéékèèké lókè, pupa pẹ̀lú pupa, dúdú pẹ̀lú dúdú. Ikán ò jẹ ẹyọ kan rí! Ọmọ á ní, "Bàbá, ìtàn ilẹ̀ Adúláwọ̀," kó tó pa ẹnu dé mo ti fà á yọ, pupa kẹta láti ojú fèrèsé. Mo ṣì í rí? Mo ní, mo ṣì í rí?

Wọ́n gba họlidé, mo lọ wa iṣu lóko, kí n tó dé ọ̀gbẹ́ni yìí ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀! Ó lẹ bébà pélébé mọ́ wọn lẹ́yìn, ó kọ lẹ́tà sí i, gígùn dúró ti kúkúrú, dúdú dúró ti pupa. Háà! Ṣé bí wọ́n ṣe ń to nǹkan nìyẹn?

Òun náà ló dúró láàárọ̀ yìí níwájú odindi kíláàsì, ọmọ tí mo lè bí, ó ní kí n bá wọn mú ìtàn ilẹ̀ Adúláwọ̀. Mo bá lọ síbi fèrèsé, mo fa pupa kẹta yọ. Ó wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀ fún wa." Ẹnu mi kó bá mi, mo ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Awò wo? Àpèkẹ́ aya mi, o rí awò lójú mi rí? Kò pariwo mọ́ mi o. Ì bá tiẹ̀ pariwo! Ńṣe ló bọ́ tiẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo fi í sójú. Mo kà á ketekete: "Ìtàn ilẹ̀ Adúláwọ̀." Àṣé ìwé bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ òyìnbó ni.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ń pa mí. Ogójì ọmọ, gbogbo wọn doríkodò, àfi bí ẹni pé wọ́n bá mi níhòòhò. Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an ni!

Ó tún tẹ̀ lé mi jáde, ó ń rọra sọ̀rọ̀, pé òun ò ní wí fún ọ̀gá, kí n sáà mọ lẹ́tà kó tó di Kérésì, torí ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ọdún, tí wọ́n bá bi mí tí n kò mọ̀ ọ́n, kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn mi nìyẹn. Lẹ́nu ọmọ kékeré!

Kí lò ń wò mí bẹ́ẹ̀ sí? Mo mọ̀. Èmi náà ni mo sọ pé obìnrin tó ń lọ sí ilé-ìwé àgbà fẹ́ fi ìwé se ọbẹ̀. Èmi ni mo ju síléètì ẹ sẹ́yìnkùlé. O rò pé n kò mọ̀ pé o ti lọ ṣà á? Abẹ́ ẹní ló wà.

Ti ilẹ̀kùn. Tì í dáadáa, kí Mùkáílà aládùúgbò má yọjú. Kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, rín in tán, ó kéré tán kí ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ó tó. Gbé síléètì yẹn wá: èwo ni wọ́n ń pè ní A?