Fìdáù Ẹni Tó Wà Láàyè

[Adjamé Roxy, Abidjan, ọdún 2008. Àsíátù pe ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò.]

ÀSÍÁTÙ: Allô? Màmá, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé ara le?

ÌYÁ: A dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Azizatou o. A ṣe fìdáù ọjọ́ mẹ́jọ rẹ̀ lánàá. Àwọn ààfáà—

ÀSÍÁTÙ: Fìdáù ta ni?

ÌYÁ: Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Mouritala pè mí, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́—

ÀSÍÁTÙ: Màmá, Azizatou jókòó níwájú mi níbí, ó ń ká aṣọ títà.

[Ariwo ọjà.]

ÌYÁ: Network yìí. Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ó kú.

ÀSÍÁTÙ: Kò kú. Ọwọ́ kan ló fi ń ká a. Ọmọ yín da epo gbígbóná tí wọ́n fi ń dín aloko, dòdò ti ibí, sí èkejì, nítorí iyọ̀ ọbẹ̀ tí kò tó. Awọ ń bó, ó ń ké, ọmọ yín ń bi mí pé ta ló jẹ ẹran tí òun fi pamọ́.

ÌYÁ: Inú ló ń bí i. Bàbá yín náà—

ÀSÍÁTÙ: Inú kò bí i. Ká ní inú ló bí i, ǹ bá gbà.

ÌYÁ: Àsàsí ni. A ó gbààwẹ̀—

ÀSÍÁTÙ: Docteur tó rí i ní Plateau ní kì í ṣe àsàsí, kì í ṣe wèrè. Ó mọ ire, ó mọ ibi. Ìrora ẹlòmíì ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kó máa wá, bóyá á kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní docteur ló ń ṣàìsàn.

ÌYÁ: Ojú ló ń tì í.

ÀSÍÁTÙ: Ojú wo? Ẹnu ló fi pa Azizatou, kó lè fẹ́ Sidikatou, ọmọ Alhaji Rùfáì ti Vridi tí kò fẹ́ kí ọmọ òun ní orogún. N ò mọ̀ pé ó ti pa irọ́ yìí fún ẹ̀yin náà. Mo lọ kìlọ̀ fún Alhaji. Mouritala ti sọ fún un pé orí mi ò pé. Alhaji ní ohun tí ìyá rẹ̀ bá sọ lòun máa gbà. Á pè yín lónìí.

ÌYÁ: Mouritala ti ní kí n ki òun fún un. Àkànní, arìn-gbẹ̀rẹ̀-bí-ọba, ọmọ—

ÀSÍÁTÙ: Ẹ má ki í. Ìgbàkígbà tó bá ba nǹkan jẹ́ lẹ máa ń ki í. Oríkì lẹ fi ń daṣọ bò ó.

ÌYÁ: Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì.

ÀSÍÁTÙ: Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ ló máa kan ọmọ ẹlòmíì, Màmá. Epo gbígbóná ni.





ÌYÁ: Ọmọ ewúrẹ́ tó kú sínú kànga wa nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré. Mo ní ó ṣubú sí i ni.

ÀSÍÁTÙ: Mo rántí.

ÌYÁ: Kò ṣubú. Mouritala ló jù ú sí i. Ó ní kí n wá wo bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fà á lọ́wọ́, mo ki í wọlé.

[Fóònù mìíràn ń dún lọ́dọ̀ ìyá.]

ÀSÍÁTÙ: Alhaji nìyẹn. Màmá, kí lẹ fẹ́ sọ? Azizatou ń gbọ́ yín—

ÌYÁ: [sínú fóònù kejì] Wa alaikumu salaamu, Alhaji. Èmi ni ìyá rẹ̀. Ẹ má bínú, n ò ní ki í. A ní ọmọ ewúrẹ́ kan rí—

ÀSÍÁTÙ: Màmá? Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]