Mo Kọ̀ Láti Sin Àbúrò Mi Sọ́nà

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọn yóò ṣí ilẹ̀kùn yìí, n kò sì ní padà wọlé mọ́. N kò kọ èyí láti fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá mi sí. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní fi ohunkóhun pamọ́.

Mẹkáníìkì ni mí n'Íkàrẹ́, ṣùgbọ́n orí òkè Ọ̀kà ni ilé wa wà, níbi tí èmi àti ìyá wa ń gbé. Àwa méjì péré ni Mọ́mì bí, èmi àti Dáre, àbúrò mi. Dáre gba físà ilé-ìwé, ó lọ sí Kánádà. Èmi náà gbìyànjú, wọ́n já mi sílẹ̀, mo tún gbìyànjú, wọ́n tún já mi sílẹ̀, mo bá gbájú mọ́ sípánà mi. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, Mọ́mì á ti gbé oúnjẹ mi pamọ́, á máa pè mí ní ọkọ òun, mo sì ń gbàgbé.

Nígbà tí àìsàn gbé Mọ́mì dè, Dáre wálé, kò sì lọ títí ara ìyá wa fi yá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo ní kó là á yé mi, ọ̀nà wo ló kù fún èmi. Ó ní ti ilé-ìwé ń fẹ́ owó ńlá, bí èèyàn bá sì kàwé tán, àsìkò rẹ̀ tán nìyẹn. Ti iṣẹ́ sàn díẹ̀, àmọ́ abẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo lèèyàn wà. Bí ọ̀gá bá lé e, ó di kó máa sá kiri. Ìwé ìgbélùú tí òun ti gbà yìí nìkan ló ń fini lọ́kàn balẹ̀. Òun náà sì ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá pẹ́ jù nílé lè pàdánù rẹ̀. Òun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ jù. Bí ọkọ̀ òfuurufú tí òun fẹ́ wọ̀ yìí bá fi òun sílẹ̀, ó lè bọ́ lọ́wọ́ òun.

Mo ní, "Èwo wá ni tèmi níbẹ̀?"

"Bọ̀dá mi, òfin wọn ò ka ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn. Ìyàwó, ọmọ, òbí ni. Mọ́mì ni mo lè mú lọ, bí mo bá padà débẹ̀ láti ṣe ìwé rẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Inú mi ti bàjẹ́. Èmi nìkan ló máa kù sílé.

Ẹnu ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Mọ́mì pé ńṣe ni wọ́n ń ti àgbàlagbà mọ́lé lọ́hùn-ún. Irọ́ ni, n kò débẹ̀ rí. Mọ́mì ní ibi tí ọmọ bá mú òun dé ni ilé òun. Ó yẹ kí n bi í pé èmi ńkọ́. N kò bi í. Mo jí páàsípọ́ọ̀tù Dáre, mo tì í bọ abẹ́ àpò gaàrí. Mọ́mì rí i níbi tó ti ń gbálẹ̀. Ó ní ikú tó bá fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́ ni. Kò fura sí mi rárá.

Ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni Dáre fẹ́ wà dé Ọ̀wọ̀, kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wọ abẹ́ rẹ̀, mo sì tú nọ́ọ̀tì páìpù bíréèkì díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ọ́ìlì á jò tán nínú ọgbà, pé á mọ̀ kó tó jáde, ibi tá a bá ti ń tún un ṣe, ọkọ̀ òfuurufú á ti lọ, ìwé ìgbélùú á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mọ́mì á sì dúró tì mí. Ẹ má gbà mí gbọ́. Mẹkáníìkì ni mí, mo sì mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ọ̀kà.

Ilẹ̀ mọ́, ọ́ìlì náà kò tíì jò tán; Dáre tẹ bíréèkì wò, ó ṣì ń mú. Mọ́mì wé gèlè jáde, ó jókòó síwájú ọkọ̀. Ó ní òun á sin ọmọ òun dé Akùngbá, òun á gun ọ̀kadà padà. Ó wá kọjú sí mi.

"Bọ́ sẹ́yìn, jẹ́ ká jọ sin àbúrò rẹ sọ́nà."

"Mọ́mì, iṣẹ́ ń dúró dè mí n'Íkàrẹ́."

"Iṣẹ́ kì í tán, ọkọ mi. Àbúrò rẹ ló ń lọ yìí."

Ǹ bá ṣáà ti ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí pé kí ló dé, ojú sì ń tì mí. Dáre na ọwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi. Bí ẹ bá ti yẹ ọkọ̀ wò, ọkàn mi balẹ̀." Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá mi. Mo ní, "Ẹ rọra o."

Wọn ò dé Akùngbá. Nígbà tí mo sáré dé ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ti gbé òkú àwọn méjèèjì jáde, gèlè Mọ́mì ṣì wà nínú koríko. Àwọn èèyàn ń dì mí mú, wọ́n ń kí mi kú ara fẹ́ra kù, wọ́n ní òkè yìí náà ni. Kò sẹ́ni tó fura. N kò lè gba ìkíni náà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá ọlọ́pàá.

Nítorí kí ìyá mi má baà lọ ni mo ṣe ṣe é. Mo ń sunkún rẹ̀ lójoojúmọ́, mo ń sunkún Dáre.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀nà bá là fún ọmọ ìyá yín, tó sì dùn yín pé kò là fún yín, ẹ sọ fún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Dáre ì bá gbọ́ tèmi. Bí ó bá sì ní kí ẹ wá sin òun sọ́nà, ẹ bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ṣe ohun tí kò jẹ́ kí ẹ lè bọ́ sínú ọkọ̀ náà, ẹ dákun, ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣáná sí i.