Kọ́ọ̀kì Monday Kò Sí Nínú Àpò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, torí èémí tó kù fún mi kò tó èyí tí mo lè fi máa parọ́. Èmi Yínúsà, ọ̀gá gáàngì ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ru ẹrù ọkọ̀ létí omi Kirikiri, olè ni mí. Kì í ṣe ẹrù ọkọ̀ ni mo jí. Monday ni mo jà lólè, òun tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn pẹ̀lú Eucharia ìyàwó ẹ̀.

Gbogbo yín lẹ mọ bá a ṣe ń pín iṣẹ́. Kálukú ló ní kọ́ọ̀kì mínírà, ìdérí ìgò, tá a kọ orúkọ ẹ̀ sí. Láràárọ̀ màá kó gbogbo ẹ̀ sápò, màá gbọ̀n ọ́n, màá wá máa mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí iye èèyàn tí iṣẹ́ ọjọ́ náà fẹ́ á fi pé. Èyí tó bá jáde kì í padà láàárọ̀ yẹn, nítorí náà bí ti ẹlòmíì ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni ààyè ń ṣí fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá mọ́, gbogbo ẹ̀ á padà wọlé. Àpò ò rántí ẹni tó ṣiṣẹ́ lánàá.

Monday bú mi lójú gbogbo yín pé mò ń ṣojúsàájú. Irọ́ ni nígbà yẹn. Inú bí mi, mo yọ kọ́ọ̀kì ẹ̀ sápò ṣòkòtò mi. Mo ní ọjọ́ kan péré ni, kí n fi kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó dùn mọ́ mi, èmi ìkà yìí, mi ò dá a padà mọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, orúkọ Monday ò jáde. Èèyàn lè pàdánù láàárọ̀ kan, kó tún pàdánù lọ́jọ́ kejì. Gbogbo ìgbà òjò ńkọ́, nígbà tí àárọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ tuntun? Kò sẹ́ni tó ní ká tú àpò wò. Orí ẹ̀ lẹ ní kò dáa. Godstime tiẹ̀ ní kó má dúró ti òun mọ́, kó má lọ kó o ran òun.

Ẹ dúró, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Uchenna, ọ̀kan nínú yín, bá a wá iṣẹ́ olóṣooṣù nílé ìkẹ́rù kan ní Creek Road. Monday wá bi mí: "Ọ̀gá, make I go, àbí kí n dúró?" Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi gáàngì sílẹ̀, gbangba la ti ń yọ kọ́ọ̀kì ẹ̀ fún un. Tá a bá wá a nínú àpò tá ò rí i, àṣírí mi á tú. Mo ní, "Dúró jàre. Bó ṣe pẹ́ tó yìí, ó ti kàn ẹ́. Ọ̀la ò ní yẹ̀." Èmi tí mo mọ̀ pé àná ò lè ṣe nǹkan kan fún òní! Èmi tí kọ́ọ̀kì ẹ̀ wà lápò ṣòkòtò mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀! Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kọ iṣẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ ẹ̀ kúrò níléèwé. Eucharia ń gbààwẹ̀ kí orí ọkọ ẹ̀ lè ṣí.

Kọ́ọ̀kì Monday rèé lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa gba àpò, ẹ dà á sílẹ̀ kí gbogbo ojú rí i kẹ́ ẹ tó mú un. Monday, jọ̀ọ́, forí jì mí. Bú mi, mi ò ní bínú.

Kí lo wí? Gbóhùn sókè. "So no be my head?"

Rárá, Monday. Orí ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ mi ni.