Àtẹ̀gùn Ọkọ̀ Alàájì

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń jó irin ní àdúgbò Treichville ni mo ti gbọ́ èyí, níbi tí mo gbé ilẹ̀kùn irin mi lọ kí wọ́n bá mi jó o. Tọkọtaya àgbàlagbà kan fa ọkọ̀ ojú omi wọn wá lórí rẹmọ́ọ̀kì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n jó àtẹ̀gùn mọ́ rẹmọ́ọ̀kì náà.

Bàbá ń ṣàlàyé fún ọ̀gá tó ń jó irin: "Nítorí ìyàwó mi ni. Orúnkún ń dùn ún."

Ìyá ní, "Orúnkún tèmi? Ta ló ṣubú níbi tó ti ń gun ọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú? Èmi ò gun ọkọ̀ yìí rí. Ìgbàkígbà tí mo bá ní kí n bá yín lọ sórí ọ̀sà, ẹ ó ní ó ti ga jù fún mi."

Bàbá ní, "Ṣé o rí i? Nítorí ẹ náà ni."

Ó tún kọjú sí mi: "Nítorí rẹ̀ ni o."

Nígbà tí irin tutù, bàbá ní kí ìyá dán an wò. Ìyá ká ìró rẹ̀ sókè, ó gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì jókòó síwájú ọkọ̀.

"Ẹ ṣeun, Alàájì. Aago mélòó la ń lọ sórí ọ̀sà ní Sátidé?"

Bàbá rọra bi ọ̀gá náà pé, "Patron, ṣé àtẹ̀gùn yìí ṣeé yọ?"