Ẹ̀rọ Ooru Tó Wà Nílé Màmá Ìgbájọ

Ẹ bá mi hó sí Ọba tó ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò ní alábàárò! Ẹ tún un hó! Àbí ó ti rẹ̀ yín ni? Ẹ ṣeun. Ògo ni fún orúkọ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ mí lójú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín ò mọ orúkọ mi. Èmi ni obìnrin tó máa ń gun ọ̀kadà kiri Ìlá láàárọ̀ pẹ̀lú àpò dúdú lẹ́yìn. Mo gbọ́ pé "Ìyá Olóoru" lẹ ń pè mí. Mi ò bínú. Títílọlá lorúkọ mi. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí bàbá mi, àmọ́ Ìbàdàn ni mo dàgbà sí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí. Mo fẹ́ mọ ìdí tí àárín ìlú fi ń gbóná ju oko lọ, kí kọ̀ǹpútà lè máa ṣírò rẹ̀ sílẹ̀, ká lè sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ooru ọ̀la máa le o, ẹ tọ́jú àwọn àgbà, ẹ tọ́jú ọmọ ọwọ́." Ọdún keje rèé tí mo ti ń ṣe é fún yunifásítì kan. Wọ́n kó ẹ̀rọ kéékèèké méjìlá tó ń wọn ooru fún mi. Ó funfun, ó rí bí àwo tí a tò léra wọn. Mo kọ́ mẹ́rin sínú oko kòkó lọ́nà Òkè-Ìlá, mo kọ́ mẹ́jọ sára òpó lójúde àwọn èèyàn nínú ìlú níbí. Tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ yẹn ń kọ bí ooru ṣe tó sílẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tó bá di àárọ̀, màá lọ kó ohun tó kọ sínú kọ̀ǹpútà mi.

Ilé bàbá mi ni mò ń gbé. Bàbá ti lọ, màmá ti lọ. Ilé oníyàrá mẹ́fà, èmi nìkan ṣoṣo. Ẹ̀yin ará, ìdánìkanwà kì í ṣe eré o! Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, olúkúlùkù á mú èèyàn tirẹ̀, wọ́n á máa lọ. Èmi náà á máa lọ. Màá délé, màá da omi sí gàrí, màá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kan mo sín, mo sì sọ fún ara mi pé, "Pẹ̀lẹ́ o, Títí." Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹkún ni mo sun lọ́jọ́ yẹn.

Wàhálà wá dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Títí, ẹ̀rọ keje yìí, ibo lo gbé e kọ́?"

Mo ní, "Ojúde Màmá Ìgbájọ ni, sà. Ọdún yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e débẹ̀." Màmá náà ló jókòó lórí àga iwájú yẹn, tó we gèlè búlúù. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde o, ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ìgbájọ ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá sí Ìlá. Opó ni wọ́n. Àwọn ọmọ wọn wà l'Ékòó, òmíràn wà lókè òkun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Tí oòrùn bá wọ̀, gbogbo ẹ̀rọ yòókù ló ń sọ pé ìta ti ń tutù. Tìẹ yìí, ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ gan-an ni ooru rẹ̀ ń fò sókè, kì í sì í rọlẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oòrùn wo ló ń ràn lálẹ́ ní Ìlá?"

Mo pààrọ̀ bátìrì. Bákan náà ni. Mo gbé ẹ̀rọ tuntun kọ́ síbẹ̀. Bákan náà ni! Kọ̀ǹpútà gba nọ́ńbà yẹn gbọ́, gbogbo ìṣirò ọdún méje bá dojú rú. Ọ̀jọ̀gbọ́n tún pè. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Ìgbìmọ̀ yunifásítì ń sọ pé ńṣe lo jókòó sílé tí ò ń fọwọ́ ara rẹ kọ nọ́ńbà. Tí o kò bá wá rí àlàyé ṣe níwájú wọn, wọ́n á fagi lé iṣẹ́ náà."

Èmi! Kí n wá purọ́! Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Íbàdàn. Ó ní, "Títí, ṣé ooru náà lo máa fi ṣe ọkọ ni? Fi í sílẹ̀, máa bọ̀ nílé." Mo pa fóònù. Mo wá síbí lọ́jọ́ Ìsinmi, alàgbà kan bi mí pé, "Ṣé dáadáa ni?" Mo ní, "A dúpẹ́, sà." Ọlọ́run dárí jì mí! Kò sí ìkankan tó dáa. Àdúrà mi nígbà yẹn ò gùn. Mo kàn ní, "Olúwa, mi ò purọ́. Jẹ́ kí ẹnì kan mọ̀."

Nígbà tó ku ọ̀la kí n lọ síwájú ìgbìmọ̀, mo ní kí n lọ tú ẹ̀rọ keje yẹn kúrò, kí gbogbo rẹ̀ parí. Ìrọ̀lẹ́ ni. Mi ò lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ rí. Mo débẹ̀, mo wo òpó, kò sí ẹ̀rọ! Mo fi igbe ta.

Màmá Ìgbájọ fa ẹsẹ̀ jáde. Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Màmá, wọ́n ti jí ẹ̀rọ mi!"

"Ta ní jí i? Ó ti wọlé. Mo ti gbé e wọlé."

"Ẹ gbé e wọlé? Lónìí?"

"Lójoojúmọ́ ni. Ìwọ lo sọ pé o kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe é. Ẹrù àlejò kì í sùn níta nílé tiwa. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tí mo bá gbàdúrà tán, màá gbé e padà kí o tó dé."

Ẹ̀yin ará, mi ò yọ̀ o! Inú bí mi! Ọdún méje mi, ẹnì kan ń kó o wọlé bí ẹní ń kó adìyẹ! Ṣùgbọ́n ṣé màá jágbe mọ́ ẹni tó tó bí màmá mi lọ́mọ ni? Ta ni mo sì fẹ́ bá wí? Mo ti ṣàlàyé oòrùn fún wọn, mo ṣàlàyé afẹ́fẹ́, mo ṣàlàyé kọ̀ǹpútà. Mi ò sọ fún wọn pé kí ó sùn síta. Ọ̀mọ̀wé! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Wọlé wá mu omi."

Mo wọ yàrá wọn. Ooru yẹn gbá mi lójú. Páánù lásán ló wà lókè, kò sí síílì. Wọ́n ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn àti olè. Ògiri ti mu oòrùn láti àárọ̀, ó wá ń tú u jáde sínú yàrá. Ẹ̀rọ mi wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iná kékeré ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Mo ní, "Màmá, ibí lẹ ń sùn?"

"Ibo ni kí n tún sùn sí?"

"Ṣé àwọn ọmọ mọ̀?"

"Wọ́n á pè pé, 'Màmá, ṣé àlàáfíà ni?' Màá ní àlàáfíà ni. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn." Wọ́n nawọ́ sí ẹ̀rọ. "Èyí nìkan ló ń bá mi gbé yàrá láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Mo máa ń sọ fún un pé ooru ọjọ́ yìí pọ̀. Kì í dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́jú."

Ọkàn mi bàjẹ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde, mo ní, "Màmá, ó gbọ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn, wákàtí kan tẹ̀lé òmíràn. Mo ní, "Lánàá, ní aago mẹ́wàá alẹ́, ooru le gan-an." Wọ́n ní, "Ìgbà yẹn ni mo bọ́ aṣọ." Mo ní, "Aago kan ńkọ́?" Wọ́n ní, "Mo dìde, mo fi omi nura." Mo ní, "Ó rọlẹ̀ díẹ̀ ní aago márùn-ún." Wọ́n ní, "Ìgbà yẹn ni oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ." Omijé ń dà lójú wọn. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí rí bí mo ṣe ń sùn."

Àwa méjèèjì sunkún! Ẹ̀rọ ò purọ́, èmi náà ò purọ́. Òtítọ́ yàrá kan ló ń sọ, a kàn rò pé ìta ló ń sọ nípa rẹ̀ ni. Ẹ ṣeun, Olúwa!

Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ yìí ò purọ́. Èmi ni mò ń gbé e wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ na ẹnì kan, ẹ wá nà mí." Ohùn Ọ̀jọ̀gbọ́n rọ̀. Ó wá ní, "Màmá, kò sẹ́ni tó máa nà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí yàrá yẹn ṣe rí fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró níwájú ìgbìmọ̀, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Mo retí ẹ̀rín. Ìyá àgbà kan nínú wọn yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Láti ọjọ́ yìí, ìta là ń wọ̀n. Ṣé ìta làwọn èèyàn ń sùn ni?" Hallelúyà! Wọ́n ní kí n yọ ẹ̀rọ keje kúrò nínú ìṣirò ìta. Mo yọ ọ́, ìṣirò tò! Wọ́n tún ní kí n gba ẹ̀rọ sí i, kí n máa wọn ooru inú yàrá, tí onílé bá gbà. Iṣẹ́ mi ò kú! Àwọn ọmọ Màmá gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ sọ, wọ́n ti kan síílì, wọ́n ti fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé.

Mi ò ní tàn yín jẹ. Ilé bàbá mi ṣì ní yàrá mẹ́fà, èmi nìkan ni mo ṣì ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ohùn ara mi nìkan ni mò ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ tí wọ́n ń fẹ̀sùn irọ́ kàn, má sá. Ẹni tó máa jẹ́rìí rẹ lè wà nínú yàrá tí o kò tíì wọ̀. Ìwọ tí o ní òbí nílé, má kàn bi wọ́n bóyá àlàáfíà ni. Bi wọ́n bí wọ́n ṣe sùn, kí o sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Màmá Ìgbájọ máa ń pè mí láràárọ̀ báyìí. Ní òní náà wọ́n pè, wọ́n ní, "Títí, báwo lo ṣe sùn?" Mo ti la ẹnu láti sọ pé dáadáa ni. Mo wá ní, "Màmá, mi ò sùn." Wọ́n ní, "Èmi náà ò sùn. Mo ti gbé omi ẹ̀kọ kaná. Máa bọ̀, ká jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹ̀yin ará. Àwa méjì la jọ wọlé láàárọ̀ yìí.