Páànù Ọkọ̀ Kejì

Ẹ jókòó dáadáa. Lèmọ́mù, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ àdúà kankan; ẹ ti ń gbàdúà fún mi láti àárọ̀, ẹ̀mí yìí kò sì lọ, ọ̀rọ̀ kan ló há sí i lọ́nà. Jìbírílù ọmọ mi, gbé ìrọ̀rí yẹn sí mi lẹ́yìn. Mùíbátù, ìwọ aya ọmọ mi, má lọ sí ilé ìdáná, ìwọ gan-an ni mo torí ẹ̀ pe gbogbo wọn. Èmi Rùfáì tí Ọ̀tà ń pè ní Káfíńtà Mọ́ṣáláṣí, mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sẹ́yìn, n kò sì ní í fi nǹkan kan bò ó lójú. Lèmọ́mù nìkan ni mo ti sọ ọ́ fún, lánàá. Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀, kí n sì bo àṣírí ara mi nítorí orúkọ mọ́ṣáláṣí. Mo gbọ́, mo sì kọ̀. Àṣírí tí wọ́n ní kí n bò yìí, kì í ṣe èmi nìkan ni mo ni ín.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ pé imọ̀ ọ̀pẹ ni a fi bo mọ́ṣáláṣí wa nígbà náà. Bí òjò bá bá wa lórí ìrun, tí a bá foríkanlẹ̀, omi á máa kán sí wa lẹ́yìn ọrùn. A wá dá owó jọ, tọkùnrin tobìnrin, kí a lè fi páànù bò ó. Ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì òyìnbó kan tó wà létí ọ̀sà ní Èkó ni a ti rà á. N kò ní dárúkọ wọn, wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó mú wa débẹ̀ ni Fàlílù, ọmọ ìlú wa yìí, tó ń ṣe akọ̀wé ní sítọ́ọ̀ wọn. Òun ló ṣe onídùúró wa. Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, “Àwọn ènìyàn mi ni wọ́n, wọn kò ní dójú tì mí.” Fàlílù yìí ni bàbá Mùíbátù. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé olè ni ìlú ń pè é títí ó fi kú.

Nígbà tí owó pé tí a sì ti san án, ó ku kí a ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó páànù wá. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe níbí. A kì í fi ìwé nìkan rán iṣẹ́ tó bá ṣe gúnmọ́, nítorí ìwé kò lẹ́nu tí yóò fi kí ènìyàn. Ẹnu ló ń ṣíwájú, ìwé á wá tẹ̀lé e. Nítorí náà a rán Láwàlì awakọ̀ pé kó bá wa sọ ọ́ fún wọn ní sítọ́ọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ méjì a tún ní kí Mùsílíù tó máa ń báni kọ lẹ́tà kọ ọ́ ránṣẹ́. Ká ní Fàlílù wà lórí ìjókòó rẹ̀ ni, ẹ̀rín ni yóò rín, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni. Àmọ́ Fàlílù ti gba àyè wá sílé, ó wá sọmọ lórúkọ. Ìwọ Mùíbátù ni wọ́n ń sọ lórúkọ lọ́sẹ̀ náà. Akọ̀wé tó dúró dè é kì í ṣe ará ibí, kò mọ àṣà wa. Ó gba iṣẹ́ ẹnu Láwàlì, ó di ẹrù kan fún un. Ó gba ìwé Mùsílíù, ó tún di òmíràn.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo ìjọ ló tú jáde, a já páànù, a tẹ̀ka sí ìwé awakọ̀. Ọkọ̀ kejì dé ní ọ̀sán Àlàmísì, kò sì sí ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ju èmi àti Múdàṣírù tó ń mọ ògiri lọ. Awakọ̀ náà ń kánjú, ó fẹ́ gba ọ̀nà Ìdíròkò lọ sí Àjàṣẹ́. Ó já ẹrù sílẹ̀, ó bojú wo oòrùn, ó tẹ ìka ara rẹ̀ sí ìwé dípò tiwa, ó fún ẹnìkan tó ń lọ sí Èkó pé kó bá òun dá ìwé náà padà. Báyẹn ni wọ́n ń ṣe é nígbà náà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Múdàṣírù ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n mà ti ṣì í o.” Mo ní, “Àwọn ló ṣì í. Ṣé àwa la ṣì í?” Kí oòrùn tó wọ̀, a ti kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ahéré mi lọ́nà Àtàn, a fi imọ̀ ọ̀pẹ tí a tú kúrò lórí mọ́ṣáláṣí bò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé yín dáadáa. Ti kọ́ńpìnnì kò dùn mí. Lèmọ́mù, ẹ mi orí yín bí ẹ bá fẹ́, ti kọ́ńpìnnì kò dùn mí títí di òní. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá mi fi ru ekùrọ́ láti oko dé Ìfọ̀, níbi tí àwọn aṣojú wọn ti ń fi ìwọ̀n rà á. Àpò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já a lọ́rùn, wọn á ní kò tó ìwọ̀n. Nígbà tó lọ fẹjọ́ sùn, òyìnbó tó wà níbẹ̀ ní ó lè jẹ́ àṣìṣe. Àṣìṣe ọdún mọ́kànlá, kò sì sí ọjọ́ kan ṣoṣo tó gbe ìyá mi. Bó bá gbè wọ́n, ó di ọgbọ́n òwò. Bó bá gbè wá, ó di olè jíjà. Bí ọkọ̀ yẹn bá tún dé lónìí, tí ẹsẹ̀ mi bá lè gbé mi, n ó já ẹrù inú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí n kábàámọ̀ ìyẹn kí ẹ tó kírun sí mi lára, ẹ máa lọ sílé.

Ohun tí n kò rò ni pé ènìyàn kì í rí kọ́ńpìnnì mú, kọ́ńpìnnì ló máa ń mú ènìyàn. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹrù kan jáde tí kò sẹ́ni tó san nǹkan lé e, wọ́n wá awakọ̀ náà títí, wọn kò rí i. Akọ̀wé àjòjì ní Fàlílù ló ti sọ fún òun pé ohunkóhun tí ará Ọ̀tà bá béèrè, kí òun fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó di ọ̀ràn sí Fàlílù lọ́rùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bí a ṣe kírun tán, òun ló dé yẹn pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó àti ọlọ́pàá méjì. Ó wọ kóòtù funfun. Ó fi kóòtù yẹn dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀ níwájú mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Rùfáì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí dáadáa. Ṣé ọkọ̀ kan ló dé ni, àbí méjì? Bó bá jẹ́ méjì, ọ̀gá ní kí ẹ sáà dá a padà, wọn kò ní mú yín. Èmi ni wọ́n fẹ́ mú.”

Ṣé ẹ gbọ́? Wọn kò ní mú mi. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ló ń wò mí, mo sì ti di ẹni tí wọ́n ń fi ojú ńlá wò. Mo ní, “Ọ̀kan ni.” Àwọn ìjọ náà ní ọ̀kan ni; àwọn kò parọ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé Kùránì. Ta ni yóò ní kí Káfíńtà Mọ́ṣáláṣí búra? Òyìnbó náà ń wo ilẹ̀, ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dá a lójú. Mo bá rí Múdàṣírù, ó ti ń sún mọ́ iwájú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni mo sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. Mo ní, “Mo rí Fàlílù ní Ìfọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti àwọn tó ń ta páànù jọ ń ná ọjà.” Irọ́ pátápátá ni. Fàlílù gbé orí sókè nínú erùpẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi?” Àwọn ọlọ́pàá sì fà á dìde.

Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní Abẹ́òkúta. Àpọ́nlé ìyàwó rẹ̀ kò lè fara da ojú tí wọ́n fi ń wò ó lódò, ó padà sí ìlú rẹ̀ ní Adó-Odò, ó sì fẹ́ ẹlòmíràn, ẹni náà kò sì gba ọmọ olè sílé. Ọ̀dọ̀ ìyá Fàlílù ni Mùíbátù kù sí. Èmi àti Múdàṣírù pín páànù náà, tèmi ló wà lókè orí yín yìí. Múdàṣírù kò bá mi jẹun mọ́ títí ó fi kú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, páànù ni mo bá yín gbé, n kò bá yín gbé ènìyàn.” Mo bú u lọ́jọ́ náà, mo pè é ní aláìmoore. Òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí Fàlílù tẹ̀wọ̀n dé, kò sẹ́ni tó fún un níṣẹ́. Ó di aláàárù ní ibùdó rélùwéè Ìfọ̀, ibẹ̀ ni ikọ́ ti mú un. Ọdún kẹfà rẹ, Mùíbátù, ló fà ọ́ lọ́wọ́ wá sílé yìí. Mo rò pé ó wá bá mi jà, mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí Lèmọ́mù jókòó sí yìí, ó gbójú sókè wo páànù, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Òjò kò ní wọlé yín.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ bá mi tọ́ ọmọ yìí, n kò ní pẹ́ kú. Gbogbo ilé tí mo bá gbé e lọ, ọmọ olè ni wọn yóò máa pè é. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé n kò jalè. Ọjọ́ tó bá béèrè, ẹ sọ fún un. N kò bẹ̀ yín ní nǹkan mìíràn.” Mo ní mo gbọ́. Kò lo oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn.

Mo tọ́ ọ, òótọ́ ni. N kò fi oúnjẹ ọmọ mi dù ọ́, n kò nà ọ́ ju bí mo ṣe na Jìbírílù lọ. Ìlú sì ń yìn mí. Wọ́n ní ẹ wo bí Rùfáì ṣe láàánú, tó ń tọ́ ọmọ ẹni tó fẹ́ ba orúkọ mọ́ṣáláṣí jẹ́. Mo gba ìyìn náà, ó sì dùn mọ́ mi. Ẹ ń rò pé ọ̀rọ̀ iwájú mọ́ṣáláṣí yẹn ló burú jù. Kò burú tó èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Lọ́jọ́ yìgì rẹ, tí wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, tí ìyá rẹ ti Adó-Odò dé, o wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. O ní, “Bàbá, kí wọ́n tó so yìgì, ẹ sọ òótọ́ kan fún mi. Ṣé olè ni bàbá mi?” Ọjọ́ tí Fàlílù sọ ló pé yẹn. Èmi nìkan àti ìwọ la wà nínú yàrá. Mo fi ọwọ́ lé ọ lórí, mo ní, “Ọmọ mi, ohun tó ti lọ ti lọ. Mo ti foríji bàbá rẹ.” O kúnlẹ̀, o sunkún, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ènìyàn, mo dúró, mo gba ọpẹ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò ní sọ fún yín pé kí ẹ dá ohun tí kọ́ńpìnnì bá ṣì gbé fún yín padà. Kí ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tí wọn yóò torí rẹ̀ mú. Bí ẹ bá ti mọ orúkọ rẹ̀, ẹ gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Lèmọ́mù, Jímọ̀ ku ọ̀tunla. Bí n kò bá lè rìn, kí wọ́n gbé mi wá sí iwájú mọ́ṣáláṣí, ibi tó ti dọ̀bálẹ̀ gan-an ni n ó ti sọ ọ́. Bí mo bá ti kú, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ àti tèmi. Ẹ ní ìjọ yóò pín sí méjì. Kó pín. Bí ẹ kò bá ní sọ ọ́, ẹ má wá sí ẹ̀gbẹ́ òkú mi.

Mùíbátù, dìde nílẹ̀. Mo mọ ohun tí o fẹ́ ṣe. Bí aláìsàn bá tọrọ àforíjì, àwa a máa sáré dáhùn pé a ti foríjì yín, Ọlọ́hun á foríjì yín, kí ó lè bá wa kú wọ́ọ́rọ́wọ́. N kò fẹ́ irú ìyẹn. Jìbírílù, má rọ̀ ọ́ pé kó foríjì mí, má sọ fún un pé bàbá ń kú lọ. Mùíbátù, lọ sí Adó-Odò lọ́la, kí o sọ fún ìyá rẹ pé olè kọ́ ló fẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Kí ẹ jọ sunkún, kí ẹ jọ bú mi tó bó ṣe wù yín. Bí o bá padà bá mi láyé, sọ èyí tó wà ní ikùn rẹ gan-an fún mi. Bó bá jẹ́ èpè ni, n kò ní yí ojú sí ògiri, n ó gbọ́ ọ tán.