Ìwé Àwọn Aláìsàn Tí Ọ̀gá Tì Mọ́ Dúrọ́ọ̀

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí eyín ṣì pé sí mi lẹ́nu, ta ni kò mọ̀ mí ní Adó yìí? Èmi ni mò ń tọ́jú ilé ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn ológun ṣì ń ṣèjọba, wọ́n ń múra àtigbé e fún alágbádá. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ẹ sún fóònù tí ẹ fi ń gba ohùn mi sílẹ̀ yẹn mọ́ mi dáadáa.

Ìwé òyìnbó kún ibẹ̀ dé àjà. Eruku ló ń kà wọ́n! Ọ̀gá wa, dókítà tó ti ìlú òyìnbó dé... a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa, àmọ́ tirẹ̀ á le díẹ̀.

Ní ọ̀sán, mo máa ń lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn tó so mọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n á ròyìn bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, èmi á kọ ọ́ sínú ìwé kan ní Yorùbá, láìkọ orúkọ. Ìyàwó kan ní, "Àǹtí, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ lójú ìyá ọkọ mi pé mò ń rí ẹ̀jẹ̀? Wọn ò ní sọ pé mo ti ba oyún ọmọ wọn jẹ́?" Ta ló sì ń mú ìyàwó wá sílé ìwòsàn nígbà náà? Ìyá ọkọ ni! Mo fi gègé pupa kọ ọ́ sókè ojú ewé: Ẹ ní kí ìyá ọkọ jáde kí ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀. Mo fún ìwé náà ní nọ́ńbà, mo ṣe káàdì fún un, mo tò ó ti àwọn ìwé ìgbẹ̀bí.

Ọ̀gá rí i. Ìka méjì ló fi gbé e, bí ẹni gbé òkú eku. "Mìsíìsì, ṣé ilé ìkàwé nìyí, àbí etí odò tí àwọn obìnrin ti ń ṣòfófó?" Ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Èmi náà dákẹ́. Iṣẹ́ ìjọba...

Kò pé oṣù kan, ìyàwó kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí dé láti Ìyìn, ìyá ọkọ ẹ̀ dì í mú lápá. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi. Ọ̀gá béèrè pé kí ló ń ṣe é. Ìyàwó náà wo ìyá ọkọ, ó wolẹ̀. "Kò sí nǹkan, sà." Ìyá ọkọ ní, "Usẹ́ oko ló rẹ̀ ẹ́." Ọ̀gá fún un ní oògùn orí fífọ́, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ọ̀mọ̀wé! Gbogbo ìwé tó kà, kò lè ka ojú ọmọ ènìyàn.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e padà, oyún ti bàjẹ́ lára ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ ẹ̀. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkọ yẹn ń forí gbálẹ̀. "Èé ṣe tí ò sọ fún mi? Ṣé mo máa pa á ni?"

Ọ̀gá fúnra ẹ̀ mú ìwé náà wá, kò wojú mi. "Dá a padà sórí pẹpẹ."

Mo ní, "Nítorí ta, sà?"

Lónìí ńkọ́? Wọ́n ti fún irú ohun tí mò ń ṣe nígbà náà lórúkọ gígùn ní yunifásítì. Wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á jókòó sídìí ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó yẹ kí dókítà máa gbọ́ ìtàn aláìsàn. Ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀! Ẹ ò tijú!

Àmọ́ ìwọ Bùnmi tó fẹ́ di dókítà, má lọ sọ níbì kankan pé ìyá àgbà rẹ gbọ́n. Ọ̀gá ò mọ̀. Èmi mọ̀, mo sì panu mọ́. Ta ló burú jù nínú wa? Ìyàwó tó kú yẹn ò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Bó o bá mọ nǹkan, sọ ọ́ lójú ọ̀gá. Tó bá lé ẹ, jẹ́ kó lé ẹ. Iṣẹ́ mìíràn á wà.